Ẹyin Àparò Olówó Pọ́ọ́kú

Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti já bọ́ láti orí òrùlé, onídìrí kì í ra oúnjẹ lọ́sàn-án mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì, nígbà tó bá ku díẹ̀ kí wọ́n tilẹ̀kùn, tí òṣìṣẹ́ kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Ẹ̀dínwó bá ń lẹ bébà pupa mọ́ àwọn ọjà tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la lórí àtẹ. Búrẹ́dì, wàrà, ẹja, ewébẹ̀ tó ti ń rọ: ibi tí bébà pupa bá bà lé, owó ibẹ̀ ti já sí ìdajì. Àwọn tó ń tẹ̀ lé bàbá náà kì í sáré, wọn kì í sì í jìnnà. Wọ́n á máa ṣe bí ẹni tó ń wo nǹkan mìíràn, bẹ́ẹ̀ ojú wọn ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó lẹ bébà mọ́ páálí ẹyin wẹ́wẹ́ kan tó ní àmì dúdú tó-tò-tó lára, bí ìgbà tí èèyàn fi yíǹkì wọ́n ọn.

"Ẹyin kí lèyí, bàbá?" onídìrí béèrè.

"Ẹyin àparò ni. Ẹ gbé e, ìyàwó. Kò bàjẹ́ o, àwọn èèyàn ni ò mọ̀ ọ́n jẹ."

Onídìrí rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ó kọrí sílé.

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, òrùlé ló máa ń kàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún tó kán wà nínú póòpù tí wọ́n fi dì í ní ọsibítù, láti ọrùn ẹsẹ̀ dé itan. Ọkùnrin tó máa ń dápàárá láti orí òrùlé títí àwọn tó wà nísàlẹ̀ á fi di ikùn mú, ó ti wá dákẹ́ bí omi inú àmù. Bí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀, á ní "ẹn-ẹn." Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á ní ó ti tó.

Onídìrí gbé omi kaná. Káfíńtà na ọwọ́ láti orí àga, ó mú ẹyin kan nínú páálí náà, ó ń yí i ní àtẹ́lẹwọ́.

"Aya mi, má tíì sè é."

"Kí ló dé? Ṣé ó ń rùn ni?"

"Rárá. Ṣebí àwọn àgbà ní ẹyin ní ń di àkùkọ?"

"Ẹyin súpámákẹ́ẹ̀tì kọ́ ni wọ́n ń wí! Olówó orí mi, ebi ló ń pa yín."

"Jọ̀ọ́, fi sílẹ̀ fún mi."

Kò tíì bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan kan látìgbà tí wọ́n ti gbé e dé láti ọsibítù. Onídìrí pa iná.

Káfíńtà pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń sin adìẹ, ẹ̀gbọ́n náà sì ṣàlàyé fún un lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín láàrin ọ̀rọ̀. Wọ́n wá páálí bàtà, wọ́n tẹ́ òwú sí i, wọ́n gbé gílóòbù iná kékeré kọ́ sókè rẹ̀, wọ́n sì fi abọ́ omi sí igun kan. Pẹ́ńsùlù tó fi ń sàmì sí pákó ló fi sàmì sí ẹ̀gbẹ́ kan ara ẹyin kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ èyí tó ti yí. Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ooru ti pọ̀ jù, á di ojú, á sì gbé ẹyin lé ìpéǹpéjú rẹ̀.

Láìpẹ́, gbogbo ilé ti gbọ́. "Káfíńtà ti ń sàba!" ni àwọn aládùúgbò ń wí.

"Bí ọkọ mi bá ń sàba," onídìrí dá wọn lóhùn, "a jẹ́ pé èmi ni àkùkọ. Ẹ jẹ́ n kọ!"

Káfíńtà gbọ́ ọ láti orí àga rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ fi dùn ún.

Nígbà tó yá, ó ní kí aya òun fa kọ́tìnnì. Ó tan iná fóònù, ó gbé ẹyin kan lé e. Inú ẹyin náà pọ́n bí ẹyin iná. Okùn pupa tín-ín-tín-ín tàn káàkiri inú rẹ̀ bí gbòǹgbò, láàrin wọn sì ni nǹkan kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ti ń lù, kì-kì-kì, tí kò sinmi.

"Kí nìyẹn?" Ohùn onídìrí ti wálẹ̀ láìmọ̀.

"Ọkàn ni."

Onídìrí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun tó fẹ́ fi àlùbọ́sà dín nìyí. Ohun tí gbogbo èèyàn ti wò, tí wọ́n sì kọjá lára rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Olúwa o," ló sọ. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ṣí kọ́tìnnì.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, onídìrí ń di irun oníbàárà kan lọ́wọ́ ní yàrá iwájú, ó ti di apá kan tán.

"Ẹ wá o! Ẹ wá!"

Ó rò pé ọkọ òun ti ṣubú ni. Ó sáré wọlé pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́, oníbàárà sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú apá irun kan tí wọn ò tíì dì. Káfíńtà kò ṣubú. Ó tẹ orí lé páálí bàtà, kò tilẹ̀ fẹ́ mí.

Ẹyin kan ń mì. Ẹnu kékeré kan ti yọ láti inú rẹ̀, ó ń gé èèpo náà yíká díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó wà nínú agolo tó ń ṣí i fúnra rẹ̀. Á gé, á sinmi, á tún gé.

"Ta ló kọ́ ọ?" oníbàárà béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Èèpo ṣí bí ọmọrí ìkòkò. Ohun tó jáde rin gbingbin, kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Ó dìde, ó ṣubú, ó tún dìde. Ìgbà náà ló wá ké, ohùn rẹ̀ sì ju ara rẹ̀ lọ fíìfíì.

Omi dà lójú káfíńtà. "Ẹ káàbọ̀," ló sọ fún un, bí ẹni ń kí àgbà àlejò. "Ẹ kú ìrìn o."

Kí ọjọ́ náà tó parí, méjì mìíràn ti jáde. Àwọn yòókù ò pa. Onídìrí kò lè kó wọn dà sí ààtàn. Ó gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́yìn ilé, ó sin wọ́n.

Nígbà tó sọ ọ́ fún Bàbá Ẹ̀dínwó, bàbá náà dúró láàrin àtẹ méjì, bébà pupa kan ṣì lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀.

"Ẹ ní wọ́n ń mí?"

"Wọ́n ń mí, bàbá. Wọ́n ń jẹun. Wọ́n ń bá ọkọ mi jà."

"Ọwọ́ yìí," ó wí, ó ń wò ó. "Ọwọ́ mi yìí náà ló lẹ bébà mọ́ wọn."

Àwọn tó gbé apẹ̀rẹ̀ dání ti sún mọ́ wọn. Fún ìgbà díẹ̀, kò sẹ́ni tó mú nǹkan kan lórí àtẹ.

Nílé, káfíńtà ti ní kí wọ́n bá òun gbé pákó àti òòlù wá sídìí àga. Ilé ẹyẹ ló ń kàn, ó sì ń bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀rọ̀ bó ti ń kàn án: ibí ni ilẹ̀kùn máa wà, ibí ni ẹ ó ti máa wòta. Nígbà tí oorun gbé wọn, ó kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́. Onídìrí wá jókòó tì í. Ó na ìka kan, ó fi kan ẹ̀yìn èyí tó kéré jù. Ó gbóná.