Oníbúrẹ́dì Tí Kò Gbọdọ̀ Jẹ Búrẹ́dì

Ẹ fìdí kalẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní ìtàn kan fún yín. Àwọn àgbà ní a kì í gbé etí odò fi itọ́ bọ́jú. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, búrẹ́dì ló ń ṣe tà, ojú lásán ló sì kù tí ó lè fi jẹ ẹ́.

"Bàbá, kí lẹ jẹ tí ṣúgà yín fi lọ sókè báyìí?" Nọ́ọ̀sì ló ń bi í nílé ìwòsàn.

"Ohun tí ẹ ní kí n ṣe náà ni. Ẹ ní kí n fi ọ̀rá kún oúnjẹ mi. Bọ́tà tí mò ń fi sí búrẹ́dì báyìí, ó nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ."

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu. "Orí búrẹ́dì kẹ̀? Bàbá! Iná la ní kí ẹ pa, ẹ wá ń bu epo sí i! Mo ní kí ẹ yọ búrẹ́dì kúrò, kí ọ̀rá wá máa yó yín." Ó wo ẹsẹ̀ òsì Bàbá tí wọ́n fi báńdéèjì dì. Páànù búrẹ́dì gbígbóná ló jó o níjẹta. Àtọ̀gbẹ ti mú kí ẹsẹ̀ náà kú, Bàbá kò mọ̀ ọ́n lára, òórùn ẹran jíjó ló ta á lólobó. "Tí ṣúgà yìí ò bá wálẹ̀, dókítà lè gé ẹsẹ̀ yìí o."

Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ ti ń fi bọ́tà dín ẹyin fún un, tí ó ń da òróró sórí ẹ̀fọ́, tí ó ń gé píà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja. Bàbá ń yó. Àmọ́ ikùn àti ọkàn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Ní ilé iṣẹ́ wọn, búrẹ́dì àkọ́kọ́ tó bá jáde nínú ààrò, òun ló ń ya á, tí ó ń jẹ ẹ́ lófìfo, kó tó ní kí wọ́n kó ìyókù síta. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ìyàwó rẹ̀ dúró tì í, ó gbé e lọ́wọ́, ooru rẹ̀ ń fẹ́ sí i lójú bí èémí ọmọ tó ń sùn.

"Díẹ̀ báyìí, Ìyá wọn. Bí èékánná."

"Bí èékánná lónìí, bí àtẹ́lẹwọ́ lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá wọn. Ìró ẹsẹ̀ yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ẹ ti ń bọ̀ wálé."

Bàbá ya búrẹ́dì náà, ó fi sí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu.

"Sọ fún mi bó ṣe rí."

Ìyàwó rẹ̀ rora jẹ ẹ́. "Iyọ̀ rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ń pariwo léyín, inú rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Ó dà bí èyí tí ẹ gbé wá sílé wa nígbà tí ẹ ń fẹ́ mi, tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ tó kù díẹ̀ kó bá yín lọ."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó gbé itọ́ mì, ó yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́.

"Ẹ kó o síta."

Ìyàwó náà ló sọ ọ́ fún ìyá mi níbi tí wọ́n ti jọ tò sórí ìlà nílé ìwòsàn. Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ, ẹ̀yin náà ti wá gbọ́ ọ lẹ́nu mi.