Ewé Tíì Tó Ti Là

"Glenys! Ṣé omi yẹn ò tíì hó ni?"

Ohùn Rosamund Pickavance ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, kò sì tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Glenys Entwistle dá a lóhùn láti inú ilé ìdáná pé, "Ó kù díẹ̀, ẹ ṣe sùúrù fún mi," ó sì tún na etí sí fèrèsé kékeré tí wọ́n ń gbé tíréè gbà sínú gbọ̀ngàn.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ló ń ṣẹlẹ̀ yẹn. Wọ́n ti dé orí kẹsàn-án ìwé tí wọ́n ń jíròrò, òun sì wà níbi tó ti ń to ife.

Ọdún mẹ́fà rèé tí Glenys ti ń wá síbí ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, nínú gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú Clitheroe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn mẹ́jọ máa ń kóra jọ sí láti jíròrò ìwé ìtàn àtijọ́. Ikú Clifford, ọkọ rẹ̀, ló gbé e wá. Ilé dákẹ́ jù, ó sì fẹ́ràn ìwé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ẹnì kan béèrè pé, "Ta ni yóò ṣe ìyá wa lónìí?" Bí wọ́n ṣe máa ń béèrè ẹni tí yóò bu tíì nìyẹn. Glenys jẹ́ àlejò, kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ọ̀lẹ, ló bá dìde. Ó dìde náà nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún béèrè mọ́. Tí ọ̀rọ̀ bá ń dùn bọ̀, á wà nídìí omi gbígbóná. Tí wọ́n bá sọ ọ́ tán, á wà nídìí ife dídọ̀tí. Kò tíì sọ gbólóhùn kan nípa ìwé kankan rí.

Láàárọ̀ òní ló sọ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin lórí fóònù pé, "Bí n kò bá la ẹnu mi lónìí, n kò ní lọ síbẹ̀ mọ́. Màá kúkú jókòó sílé, kí n máa bá ológbò sọ̀rọ̀."

"Ológbò á gbọ́ yín ju àwọn yẹn lọ," ni àbúrò rẹ̀ wí.

Nínú gbọ̀ngàn, Rosamund ti ń ṣàlàyé. "Ọ̀rọ̀ Dorcas inú ìwé yìí ò le rárá. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin tú àpótí rẹ̀, ó bá tíì tó fi aṣọ dì níbẹ̀, ó sì lé e jáde lọ́jọ́ náà. Nígbà yẹn, ẹní bá rí tíì rà, olówó ni. Olè ni Dorcas. Ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́ ká rí ni pé àìní lè sọ ọmọ gidi di olè."

"Tó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá jí kéèkì mọ́ ọn," ni Desmond Ogden sọ. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì ni, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá láìfi àwàdà sí i. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín.

"Desmond, tìrẹ ti pọ̀ jù."

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Òùngbẹ ló ń gbẹ mí. Glenys! Ṣé oko tíì lẹ lọ ni?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Glenys ti ka orí kẹsàn-án yẹn, ó sì dá a lójú pé Dorcas kì í ṣe olè. Ó wo ìkòkò tíì tó wà níwájú rẹ̀. Rosamund kì í gbà kí wọ́n lo tíì inú àpò bébà kékeré níbi tí wọ́n bá ti ń ka ìwé àtijọ́. Ewé gidi ni dandan. Ewé èyí tí wọ́n mu nígbà tí wọ́n dé ṣì wà nídìí ìkòkò. Ó fi ṣíbí bu díẹ̀ sínú àwo pẹlẹbẹ kan, ó bu ewé gbígbẹ láti inú agolo sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò gbé tíréè, kò mú ife. Àwo yẹn nìkan ló gbé jáde.

"Tíì dà?" ni Rosamund béèrè.

"Kò tíì sí." Glenys gbé àwo náà lé etí tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Dorcas ò jalè."

Rosamund rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tí olùkọ́ máa ń rín sí ọmọ tó gba òdo. "Glenys, ọ̀rẹ́ mi, inú àpótí rẹ̀ ni wọ́n ti bá a. Ó wà nínú ìwé. Lọ gbé tíì wa wá, a óò ṣàlàyé fún ọ tó o bá dé."

Ibẹ̀ ló yẹ kí Glenys padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún tiẹ̀ ti kọjú sí ilé ìdáná. Ó fà á padà, ó fa àga kan, ó jókòó.

"Ẹ bá mi ka ibi tí wọ́n ti ṣàpèjúwe ewé yẹn."

Desmond ló kà á, bóyá nítorí pé ó fẹ́ wo ìjà. "'Ewé náà fẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ti là.'" Ó gbójú sókè. "Ó dáa. Kí ló wá kàn?"

Glenys ti àwo náà sí àárín tábìlì. "Ẹ wo èyí tó wá láti inú agolo. Ó dúdú, ó ká jọ bí ọmọ tí òtútù mú. Ẹ wá wo èyí tí a ti mu. Ó ti là. Ewé tíì kì í là àfi tí omi gbígbóná bá kàn án. Ọ̀gá Dorcas sì máa ń so kọ́kọ́rọ́ àpótí tíì mọ́ ìdí ni, orí kejì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa rí tuntun jí níbẹ̀? Ìyá ìyá mi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé ńlá kan létí odò Ribble, ó sì sọ ọ́ fún mi: ewé tí àwọn ọ̀gá bá ti mu lókè, tàwọn ará ìdáná ni. Wọ́n á sá a gbẹ lẹ́bàá ààrò. Alásè á ta tiẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, á fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ní díẹ̀ kí wọ́n mú un lọ fún ìyá wọn. Ẹ̀tọ́ Dorcas ló wà nínú aṣọ yẹn. Ọ̀gá rẹ̀ ò lè mọ ìyàtọ̀, torí kò fọ ìkòkò tíì rí láyé rẹ̀."

Kò fẹ́ kí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn dún bó ṣe dún. Ó ti bọ́ lẹ́nu.

Rosamund fa àwo náà sọ́dọ̀. Ó fi ọmọ ìka tú ewé, ó wo ìwé, ó tún wo ewé. Ọrùn rẹ̀ pọ́n. "Ogún ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé yìí," ló wí jẹ́jẹ́. "Gbogbo wọn ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́ pé olè ni."

"Ẹ lọ kó wọn wá," ni Desmond wí, "kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe."

Rosamund kò bá a wí. Ó yíjú sí Glenys. "Alásè inú ìwé yìí dúró, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lé ọmọ náà lọ. Ó mọ̀, àbí?"

"Ó mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ojú ìwé tó kàn ló ti hàn."

Omi hó nínú ilé ìdáná, kẹ́tùlù ń súfèé. Gbogbo orí yí sí Glenys, òun fúnra rẹ̀ sì ti ń dìde.

"Ẹ jókòó," ni Desmond wí. "Ṣé èmi ò lọ́wọ́ ni?"

Ó pẹ́ kó tó dé. Tíì tó gbé wá rí bí omi ìfọwọ́, ewé léfòó lórí rẹ̀, nítorí kò rántí asẹ́. Rosamund fẹnu kàn án, ó gbé e sílẹ̀. Obìnrin kan ní ìpẹ̀kun tábìlì ní, "Glenys, ṣé ẹ lè bá wa..."

Ọwọ́ ń yún un. Ìṣẹ́jú méjì péré ni, á tún un ṣe. Ó gbé ife tirẹ̀, ó mu ún, ewé lẹ̀ mọ́ ọn léyín.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. Ó ṣí ojú ìwé tó kàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.