Ojú Tí Wọ́n Fi Eérú Kùn

Mo ba orúkọ ọmọlọ́mọ jẹ́ nínú ilé Ọlọ́run. Kì í ṣe àṣìsọ. Mo dìde láàárín ìjọ, mo na ìka sí Tiwalọlá, olùkọ́ àwọn ọmọdé, mo ní ó ń fi ẹbọ kọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹbọ! Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Ó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún báyìí. Àga ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí a máa ń fi ẹni tó bá wà lábẹ́ ìbáwí sí. Mi ò wẹ̀yìn. Mo ṣáà mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọrùn mi ń gbóná bí ẹni pé ó ń… rárá, kò wò mí. Ọmọ yẹn kì í woni níwò burúkú. Ì bá sàn kó wò mí.

Pásítọ̀ ṣì ń ka ìkéde. Ìpàdé àwọn obìnrin. Gbígbá gọ́tà. Tó bá yá, yóò kan ti Tiwalọlá — wọn yóò gba kíláàsì àwọn ọmọdé lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, torí ẹ̀rí ẹnu mi. Ẹ̀rí èmi nìkan. Tí mo bá máa sọ̀rọ̀, kó tó débẹ̀ ni.

Kí ni mo rí gan-an?

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Omi gba gbogbo àgbàlá ìjọ, bó ṣe máa ń ṣe ní Ajégúnlẹ̀ wa yìí. A ò lè jẹ́ kí àwọn ọmọ jáde. Tiwalọlá àti Fọlá, ọmọ mi, kó wọn jọ sínú yàrá, wọ́n fi fíìmù sí tẹlifíṣọ̀n fún wọn. Kàtúùnù tí gbogbo ọmọ àdúgbò ń kọ orin rẹ̀ kiri. Mo wọlé láti mú agboòrùn mi. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n fi eérú kùn lójú, èrò yí i ká, wọ́n ń lu agogo, wọ́n ń tì í lọ sí etí odò. Mo fa wáyà iná yọ. Mi ò béèrè ohun tí fíìmù náà dá lé. Ìbéèrè kan ni mo bi wọ́n.

"Ta ló gbé ìdọ̀tí yìí wọ ilé Ọlọ́run?"

"Èmi ni, mà."

Tiwalọlá ló dáhùn. Ìdáhùn náà yá a lẹ́nu. Ó yá a lẹ́nu jù, àmọ́ mi ò rò ó nígbà náà…

Mi ò kàwé ní kékeré. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó jókòó sí kíláàsì àwọn àgbà ní Ìkòsì, kí n lè fi ojú ara mi ka Bíbélì. Ohun tí mo bá kà ni mo gbà gbọ́. Àwòrán máa ń tan èèyàn. Jésù kò sí nínú kàtúùnù — mo sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìjọ, àwọn èèyàn ṣe àmín.

Lánàá ni Fọlá wọ yàrá mi pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Kò jókòó.

"Mummy, ẹ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wò ó tán, tẹ́ ẹ ṣì ní ẹbọ ni, mi ò ní jiyàn mọ́."

Mo wò ó kí n lè rí ẹ̀rí sí i. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rí ni mò ń wá.

Ọmọbìnrin kékeré kan ló fi eré pa àtùpà etí odò tí àwọn apẹja fi ń mọ ọ̀nà. Ọkọ̀ wọn fọ́. Ìlú gbaná jẹ, wọ́n ń wá ẹni tó ṣe é. Kí ọmọ náà tó la ẹnu, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bọ́ síta, ó lóun ni. Wọ́n kùn ún ní eérú. Wọ́n lé e kọjá odò. Kò jiyàn, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín sí àbúrò rẹ̀ — ibẹ̀ ni mo ti dá fóònù náà dúró. Mo mọ ojú yẹn. Kò ya ẹnu rẹ̀. Àìsáyà, orí kẹtàléláàádọ́ta. Mo mọ orí yẹn láìwòwé. Mo ti kà á nínú ìjọ yìí, tí omi ń bọ́ lójú mi. Nígbà tí Ẹni tí orí yẹn ń sọ wá dúró níwájú mi pẹ̀lú eérú lójú, mo fa wáyà yọ.

"Ohun tí Tiwa ń ṣàlàyé fún wọn nìyẹn kẹ́ ẹ tó wọlé. Ó ní ta ni ẹ̀gbọ́n yìí jọ. Testimony, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ti nawọ́ sókè, ó fẹ́ dáhùn."

Ó fẹ́ dáhùn…

"Èmi ni mo sì gbé fíìmù yẹn wá, Mummy. Kì í ṣe Tiwa."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ.

"Ó ní kí n dákẹ́. Ó ní ìgbéyàwó mi ti sún mọ́lé, ìjọ kì í so ẹni tó bá wà lábẹ́ ìbáwí pọ̀. Àbí ta ló ṣe òfin yẹn, Mummy?"

Èmi ni. Mo jà fún un ní ìgbìmọ̀. Mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀, òfin tó dára ni… òfin tó dára ni, tí ẹni tó ń fẹ̀sùn kanni bá ti wádìí kó tó pariwo.

Mo lè dákẹ́. Kí ìgbéyàwó kọjá, kí n wá bá Pásítọ̀ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Wọ́n á mú un kúrò lórí àga ẹ̀yìn jẹ́jẹ́. Ìyá ọkọ Fọlá ló jókòó níwájú mi yìí, ó ń fi ìwé ìsìn fẹ́ ara rẹ̀. Kí ló fẹ́ rò nípa ilé wa?

Àmọ́ lẹ́sìn tí Tiwalọlá fi ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò níwèé ti túká. Ìyá Success ló kọ́kọ́ kó ọmọ rẹ̀ kúrò. Etí mi ló ṣe ní Owódé, ó ń pariwo: "Ẹ má fọmọ yín sílẹ̀ fún Aunty Ẹlẹ́bọ o!" Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà wà níbẹ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò bá a wí.

Láti àná ni mo ti ń wá ibi tí mo wà nínú fíìmù náà. Mo kọ́kọ́ ní èmi ni ọmọbìnrin kékeré yẹn, ẹni tí wọ́n gbẹ̀bi rẹ̀ rù. Ó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó dùn mọ́ onígbàgbọ́ gbogbo bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn sunkún, èmi ò sunkún. Àwọn kan ṣáà wà níbẹ̀ tó gbé igbá eérú dání, tí inú wọn dùn pé àwọn ń ṣe iṣẹ́ òdodo…

Igbá yẹn ló wà lọ́wọ́ mi.

Pásítọ̀ ti ṣí ojú ewé. Orúkọ rẹ̀ ló kàn. Mo dìde. Fọlá di ọwọ́ mi mú — mi ò mọ̀ bóyá ó ń dá mi dúró ni, àbí ó ń gbé mi nà ró. Gbogbo ojú ti yí sí mi. Ohùn mi kò jọ tèmi létí ara mi.

"Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹ̀yin ìjọ, irọ́ ni mo pa mọ́ Tiwalọlá. Kì í ṣe ẹbọ. Mi ò wádìí kí n tó pariwo. Ọmọ tèmi ló gbé fíìmù náà wá, Tiwalọlá kàn gbà á rù ni. Tiwalọlá, ojú gbogbo wọn ni mo ti bà ọ́ jẹ́, ojú gbogbo wọn náà ni mo ti ń bẹ̀ ọ́. Ọmọ mi, jọ̀wọ́, dárí jì mí."