Láìnì Ẹ̀pẹ́

Abọ́dúnrìn fẹ́ atẹ́gùn sí síìmù náà, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó sì gbé e sún mọ́ ojú bí ẹni tó ń wá iná lórí ọmọ.

"Ìyá Sọ̀fíyàt, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Síìmù yìí mọ́ ju eyín mi lọ."

Wàsílátù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ó jókòó sórí àpótí lábẹ́ agboòrùn ńlá tí ọkùnrin náà ta sí oríta Ìgbògbò, kò sì gbé ojú kúrò lára ọwọ́ rẹ̀. Rédíò ni Abọ́dúnrìn ń tún ṣe kí fóònù tó gbòde. Kò sí ohun tó bàjẹ́ tí kì í tú wò títí dé eegun. Ohun tó ń ba Wàsílátù lẹ́rù gan-an nìyẹn.

"Ìgbà wo ló ti wà bẹ́ẹ̀?"

"Láti... láti ọjọ́ Ajé."

"Ọjọ́bọ̀ la wà yìí. Láìnì kìíní ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́."

"Èkejì nìkan ló wá kú?"

Kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà lò yẹn.

Fóònù Ṣáínà oní-síìmù méjì ni. Tàjùdéèn, ọkọ rẹ̀, ló rà á fún un nígbà tí wọ́n jí ti àkọ́kọ́. Láìnì kìíní ni ti àdúgbò, nọ́ńbà tuntun tí ará Ẹ̀pẹ́ kankan kò tíì mọ̀. Èkejì ni láìnì Ẹ̀pẹ́, torí nẹ́tíwọ́kì yẹn nìkan ló ń mú dáadáa létí ọ̀sà lọ́hùn-ún, nílé ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá náà dùbúlẹ̀ sí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba apá ọ̀tún àti ohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣẹ̀rífátù, àbúrò Wàsílátù tó ń yan ẹja ní Ọjà Olúwo, ló ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Wàsílátù lọ. Ẹnu Ìyá ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, itọ́ ń dà, ojú nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Kò lè wo ojú náà. Ó ní aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀ tí òun fẹ́ rán, ó sì wọkọ̀ padà sílé kí oòrùn tó rọ̀.

"Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, màá pè yín," ni Ṣẹ̀rífátù wí.

Láti ọjọ́ náà, bí láìnì Ẹ̀pẹ́ bá ti dún báyìí, ohun tí Wàsílátù máa kọ́kọ́ rò ni pé Ìyá ti kú. Ó wá di ọjọ́ Ajé. Ó ń fọ àwo lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Ó wò ó títí ó fi dákẹ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó sì ṣe ohun tí Sọ̀fíyàt ọmọ rẹ̀ kọ́ ọ fún ìgbà tí iná bá lọ tí bátìrì kò sì pọ̀: ó pa síìmù kejì. Ìwé mẹ́fà ló kà, ṣùgbọ́n ó mọ èyí ṣe. Ó ní òun yóò tàn án lọ́la. Nígbà tí ọkọ rẹ̀, tí òun àti ará Ẹ̀pẹ́ kò ní nọ́ńbà ara wọn, béèrè àlàáfíà Ìyá, ó ní kò sí nẹ́tíwọ́kì. Ọ̀la dé, ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Lánàá ni Tàjùdéèn ní kí ó gbé fóònù náà lọ fún àtúnṣe, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òun fúnra òun yóò lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

"Ẹ jẹ́ ká fi sínú tèmi," ni Abọ́dúnrìn wí. "Bó bá mú níbẹ̀, a jẹ́ pé fóònù yín ló jẹ̀bi. Bí kò bá mú, ẹ lọ bá àwọn tó ta síìmù jà."

Wàsílátù ti nawọ́. "Ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Màá padà wá..."

"Wàhálà wo? Ṣebí iṣẹ́ mi ni."

Ó ti ṣí ẹ̀yìn fóònù tirẹ̀. Ó ki síìmù náà bọ̀ ọ́, ó tàn án, ó gbé e sórí tábìlì láàárín àwọn ègé rédíò. Àwọn méjèèjì ń wò ó. Ọ̀pá nẹ́tíwọ́kì yọ: ọ̀kan, méjì, mẹ́rin.

"Ó mú!"

Fóònù náà ké. Ó tún ké. Ó ké lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àtẹ̀jíṣẹ́ lé àtẹ̀jíṣẹ́, ó ń gbọ̀n lọ lórí tábìlì títí ó fi kan ọwọ́ Wàsílátù. Ó fa ọwọ́ náà sẹ́yìn.

"Ṣé kí n bá yín kà á?"

Wàsílátù tẹjú mọ́ fóònù náà. Abọ́dúnrìn sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ti ọjọ́ Ajé nìyí. 'Àǹtí mi, ẹ gbé fóònù. Ìyá ti ń sọ̀rọ̀ o! Ó ní kí n pe Wàsílá fún òun.' Ẹ ò rí i, ire ni! Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun: 'Mo ti pè tó ìgbà mẹ́wàá. Mo gbé fóònù sí Ìyá létí, ó ní òyìnbó kan ṣáá ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn ọmọ òun dà?'"

Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín bọ̀ nígbà tó ṣí ẹ̀kẹta. Ẹ̀rín náà kú. Ó kà á sínú, ó ṣí ẹ̀kẹrin, ó ka ìyẹn náà sínú.

"Ẹ kà á síta," ni Wàsílátù wí.

"Ìyá Sọ̀fíyàt..."

"Ẹ jọ̀ọ́."

Abọ́dúnrìn ṣí fìlà lórí. "'Ìyá ti lọ ní ìdájí yìí. Wọ́n fẹ́ sin ín lẹ́yìn ìrun Àílà, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró dè yín di Alásàrí.' Èyí tó kẹ́yìn... 'A ti sin ín.' Lánàá ni."

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Wàsílátù kò tíì sunkún, ṣùgbọ́n ó ń ríran. Ó rí ìyá rẹ̀ tó fi etí ti fóònù, tó ń fi sùúrù dúró kí òyìnbó náà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí òun tì nítorí ikú, Ìyá ló dúró sẹ́yìn rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, tó ń kàn án.

Abọ́dúnrìn dá síìmù padà sínú fóònù Wàsílátù. Kò mú. Ìgbà yìí ló wá wọ inú fóònù náà wò, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Ó dúró.

"Ẹnìkan ló pa á níbí," ló wí jẹ́jẹ́. Kò béèrè ẹni náà. Ó tàn án, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́.

Wàsílátù fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nọ́ńbà Ṣẹ̀rífátù.

"Àǹtí mi." Ohùn àbúrò rẹ̀ ti ha, ṣùgbọ́n kò pariwo. "Nẹ́tíwọ́kì yín ló dá wa lóró. Ohun tí mo sọ fún gbogbo ẹbí nìyẹn."

Ọ̀nà là sílẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. Ó la ẹnu láti gba ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló jáde.

"Ṣẹ̀rífátù, èmi ni mo pa síìmù náà. Ẹ̀rù ló bà mí."

Abọ́dúnrìn yí ojú sí títì.

"Ìyá mọ̀," ni Ṣẹ̀rífátù wí níkẹyìn. "Ó ní kí n má bá yín jà. Ó ní láti kékeré, bí àrá bá ti ń sán, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ máa ń sá sí, tí ẹ ó di etí. Ó ní bó bá ti dáwọ́ dúró, ẹ ó jáde wá."

Wàsílátù fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú.

"Àǹtí mi? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Ó ń gbọ́. Nẹ́tíwọ́kì Ẹ̀pẹ́ kò mọ́ tó báyìí rí. Ó ń gbọ́ ìró ọwọ̀ ẹni tó ń gbá àgbàlá, ó ń gbọ́ àwọn obìnrin tó ń ká ẹní, ó ń gbọ́ adìẹ Ìyá tó ń ké kiri ilé. Gbogbo ilé náà ló ń gbọ́, yàrá dé yàrá, ó sì tún ń fetí sílẹ̀, bí ẹni pé ó ku ẹnìkan tí kò tíì sọ̀rọ̀.