Ilà Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Owó

"Bàbá Samiath, ṣé owó náà ń ṣègbéyàwó ni?"

Tidjani kò gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀. Ó tẹ̀ mọ́ fíìmù tó gbé ka orí gíláàsì, iná kékeré ń tàn lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi ṣóńṣó pẹ́ńsù kàn án díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ ọwọ́.

"Mo ní ṣé ó ń ṣègbéyàwó ni, tí o fi ń tọ́jú ojú ẹ̀ tó báyìí?" Latifatou gbé àwo iyán sílẹ̀ lórí àpótí. "Nígbà tí o ya èmi, o ò lo ìdajì àkókò yìí."

"Tìẹ ò lábùkù. Kí ni mo fẹ́ tún ṣe níbẹ̀?"

"Ẹlẹ́nu dídùn! Jẹun kó tó tutù."

Ní gbogbo Savalou, ta ni kò mọ Tidjani onífọ́tò? Òun ló ń fi pẹ́ńsù pa rorẹ́ rẹ́ lójú ìyàwó tuntun, òun ló ń dí àlàfo eyín fún arúgbó. Ẹni tí kò bá fẹ́ ilà ojú rẹ̀ mọ́ a wá bá a ní kọ̀rọ̀ pé kó bá òun mú un kúrò nínú fọ́tò. Àánú èèyàn máa ń ṣe é jù. Ó ní kò yẹ kí èèyàn sanwó tán kó tún máa wo ohun tó ń bà á nínú jẹ́ lára ògiri ilé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí owó sẹ́fà ti já wálẹ̀, tí àwọn kan sì ti gbé ẹ̀rọ fọ́tò aláwọ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, tó jẹ́ pé kí o tó jẹ ẹ̀wà tán fọ́tò rẹ ti jáde, ẹsẹ̀ ti wọ́n níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí nǹkan ṣe ń lọ yìí, tí òjò bá fi lè bẹ̀rẹ̀, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò padà sí oko iṣu bàbá rẹ̀ ní Koko. Tidjani kò sì mọ ebè iṣu kọ o. Iṣẹ́ fọ́tò ló fẹ́ràn láyé rẹ̀.

Ìrètí kan ṣoṣo tó kù ni Alàájì Sanoussi. Cotonou ni Alàájì ń gbé, owó àtijọ́ ló ń rà tó ń tà. Owó fàdákà tí àwọn òyìnbó ná nígbà láéláé, ó máa ń fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fún owó ní máàkì bí ọmọ ilé-ìwé, tí wọ́n á wá dì í sínú ike tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí mọ́. Àwọn tó ń rà á wà lókè òkun. Wọn kì í fọwọ́ kan owó náà kí wọ́n tó san tiwọn. Fọ́tò rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Fọ́tò tí kò dára a máa sọ owó iyebíye di yẹpẹrẹ. Ìdí nìyẹn tí Alàájì fi ń wá onífọ́tò tó mọṣẹ́, tí yóò máa ya gbogbo owó rẹ̀.

Nígbà tí ìyá Latifatou gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Bantè, ó tú kókó etí aṣọ rẹ̀, ó mú owó fàdákà ńlá kan jáde. "Àna mi, gba èyí," ó ní. "Fi han ọkùnrin náà bí ọwọ́ rẹ ṣe dára tó. Tí owó náà bá sì wù ú, kó rà á."

Owó náà dára lóòótọ́, àmọ́ ilà kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ òyìnbó tí wọ́n yà sójú rẹ̀, ilà jíjìn, láti ẹ̀bá etí dé ẹ̀bá ẹnu. Ilà yẹn ni Tidjani ń fi pẹ́ńsù pa rẹ́.

Nígbà tó tẹ fọ́tò náà jáde, Latifatou pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òyìnbó jọ̀lọ̀! Wọ́n fi fọ́tò rán Adamou, awakọ̀ tó máa ń ná Cotonou, wọ́n sì dá owó padà fún Màmá ní Bantè.

Kò pẹ́ kò jìnnà, Alàájì fúnra rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Savalou, ẹ̀rín lẹ́nu.

"Tidjani, ọwọ́ ẹ mà dáa o! Ó pẹ́ tí mo ti rí owó tí ojú ẹ̀ mọ́ báyìí. Máàkì gidi ni wọ́n máa fún un. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ gbé e. Tí a bá dé, a ó jọ sọ̀rọ̀ iṣẹ́."

Tidjani gbé àpò ẹ̀rọ fọ́tò rẹ̀ kọ́ èjìká bó ti máa ń ṣe, òun àti ìyàwó rẹ̀ bá wọ mọ́tò Alàájì. Ní gbogbo ọ̀nà, ó ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, Alàájì", ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ilà kékeré lásán ni, ó ń sọ fún ara rẹ̀. Ta ni yóò fiyè sí i?

Nígbà tí wọ́n dé Bantè, ìyá Latifatou kí wọn títí, ó fi omi lọ̀ wọ́n. Alàájì kò tiẹ̀ mu omi kó tó na fọ́tò sí i.

"Màmá, ẹ wo owó yín. Ẹ wo bó ṣe ń dán."

Ìyá náà gbé fọ́tò sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e sún mọ́ ojú.

"Owó ta ni?"

"Tiyín ni, Màmá," ni Latifatou wí.

"Rárá o. Ó lẹ́wà, àmọ́ kì í ṣe tèmi. Ilà tèmi dà?" Ó tú kókó etí aṣọ rẹ̀, ó mú owó náà jáde, ó fi í sí Alàájì lọ́wọ́. "Ẹ wò ó. Nígbà tí Yacoubou, bàbá àwọn ọmọ mi, wá tọrọ mi, owó yìí ló gbé wá. Àwọn ará ilé wa ní òjé ni. Wọ́n ní ará Pira tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí, níbo ló ti rí fàdákà? Kò bá wọn jà. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó la owó ara ẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ níṣojú gbogbo wọn, ó ní kí wọ́n wá wò ó bóyá inú ẹ̀ dúdú. Funfun báláú! Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo rí ọkọ."

Alàájì mú awò kékeré tó fi ń yẹ owó wò kúrò lápò. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ owó, ó wo fọ́tò, ó wá gbójú sókè.

"Tidjani, ta ló mú ilà yìí kúrò?"

Latifatou yára dáhùn. "Alàájì, bóyá iná ló tàn jù. Ẹ ṣáà mọ bí iná Savalou ṣe ń ṣe."

Ọ̀nà àbáyọ ti là. Tí Tidjani bá kàn mi orí, ọ̀rọ̀ á kọjá. Ó wo ìyá ìyàwó rẹ̀, tó ṣì ń rẹ́rìn-ín nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀, ojú sì ti Tidjani gan-an.

"Kì í ṣe iná, Alàájì. Ọwọ́ mi ni. Mo fi pẹ́ńsù pa á rẹ́ kó lè wù yín."

"Háà! Tidjani!" Alàájì fi fọ́tò náà sílẹ̀ lórí ẹní. "Fọ́tò ni ojú mi níbi tí ẹsẹ̀ mi ò lè dé. Ká ní mo ti fi tìẹ yìí han àwọn oníbàárà mi ńkọ́? Olè ni wọn ì bá pè mí."

"Ẹ má bínú, sà. Wọ́n ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà. Ẹ̀rù ìyẹn ló bà mí."

Alàájì yíjú sí ìyá náà. "Màmá, pẹ̀lú ilà yìí, kò lè gba máàkì gidi mọ́. Àmọ́ fàdákà ṣì ni. Mo lè fún yín ní ìwọ̀nba."

"Ẹ máa gbé e lọ," ìyá náà dáhùn lójú ẹsẹ̀. "Iye yòówù kó jẹ́, mo gbà. Kẹ́ ẹ ṣáà fún àna mi níṣẹ́ tó ń wá lọ́wọ́ yín. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mú un jáde. Èmi arúgbó, kí ni mo fẹ́ fowó ṣe?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Tidjani lára. Ó ti rò pé owó tí kò wúlò fún un mọ́ ni ìyá náà fẹ́ tà. Kò mọ̀ pé ohun tó kù fún un lára ọkọ rẹ̀ ló ń fà sílẹ̀, nítorí òun. Ó dìde, ó rọra mú owó náà lọ́wọ́ Alàájì, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀, ó sì pa ọwọ́ náà dé.

"Kò sí títà mọ́, Alàájì. Ẹ dárí jì mí. Tí iṣẹ́ bá bọ́, kó bọ́."

Alàájì fi awò rẹ̀ sápò. Ó kí Màmá pé ó dàárọ̀, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

"Ó gbé wa wá, ó fi wá sílẹ̀!" ni Latifatou ké. "Ṣé ẹsẹ̀ la máa fi rìn dé Savalou ni?"

Tidjani ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀.

"Dìde, má jẹ́ kí aṣọ rẹ dọ̀tí," ìyá náà ní. "Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tìẹ yìí ò tiẹ̀ lẹ́sẹ̀ rárá. Cotonou péré ló dé, ó ti padà wá sílé!"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Tidjani ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n tún un yà."

"Ta ló máa sanwó ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni."

Ó gbé àpótí sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Ó fi owó lé e, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, títí ilà náà fi yọ kedere. Nígbà tó tẹ fọ́tò náà jáde lọ́jọ́ kejì, èèyàn lè mọ ibi tí ọ̀bẹ ti kọ́kọ́ wọlé àti ibi tó ti jáde. Ó tún fi rán Adamou. "Sọ fún Alàájì pé owó yìí kì í ṣe títà o. Mo kàn fẹ́ kó rí i ni."

"Ẹni tó ń wáṣẹ́ kì í ṣe báyìí," ni Latifatou wí. Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wá páálí tó fi dì í kó má bàa ká.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìròyìn láti Cotonou. Tidjani ti rán ẹnì kan sí Koko láti béèrè apá ibi tó lè dá nínú oko. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Adamou dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àpò kékeré kan sílẹ̀, àpò náà sì wúwo. Owó àtijọ́ ló kún inú rẹ̀, wọ́n fi àkísà wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Alàájì ní kí n kí yín," ni Adamou wí. "Ó ní kẹ́ ẹ ya gbogbo wọn. Ilà o, àpá o, ìdọ̀tí o, ẹ má mú nǹkan kan kúrò. Ó ní kí n tẹnu mọ́ ọn fún yín: kẹ́ ẹ má ṣàánú wọn o."

Latifatou fò sókè, ó jó yí àpò náà ká, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Adamou. Ó wá dúró, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Samiath, ṣé o lè ṣe é ṣá? Ìwọ yìí?"

Tidjani tú àkísà àkọ́kọ́. Owó inú rẹ̀ ti jẹ létí, ojú ọba tó wà lára rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Ó wò ó títí.

"Ó máa ṣòro fún mi," ó ní, ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé.