Lẹ́tà Àǹtí Sọ̀fíyátù

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ ìwé ìtàn ìfẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kí ilé iṣẹ́ kan tó gba ọ̀kan tẹ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di fíìmù, èmi náà ni mo kọ ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré.

Lóṣù tó kọjá, mo gbé fíìmù náà lọ sí Ìfọ̀, sọ́dọ̀ Àǹtí Sọ̀fíyátù, aránṣọ tí mo máa ń bá kọ lẹ́tà sí ọkọ rẹ̀ ní Kánò nígbà èwe mi. Òun a máa sọ, èmi a máa kọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò dá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ mọ̀.

Ó dá a mọ̀.

“Yẹmisí, ‘ibùsùn yìí fẹ̀ jù fún ẹnì kan.’ Èmi ni mo sọ ọ́!”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“O wá dá ọkọ obìnrin inú fíìmù yìí padà wálé. Tèmi dà, onírọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n ka orúkọ àwọn tó ṣe fíìmù náà fún òun. Mo kà á tán, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè orúkọ rẹ̀, nínú ìwé àti nínú fíìmù.