Itọ́ Wòlíì Zacchaeus

Ó ti rẹ Títí, àárẹ̀ tí oorun ò lè wò. Látìgbà tí ọmọbìnrin rẹ̀, Pẹ̀lúmi, ti ń ṣẹ́jú láìnídìí, tí èjìká rẹ̀ ń fò sókè fúnra rẹ̀, ààwẹ̀ ni, ìṣọ́ òru ni. Ẹbí ọkọ rẹ̀ ní láti ìdílé Títí ni àìsàn náà ti wá. Wọ́n ṣáà ní bí ọmọ bá dára, ti bàbá ni, bó bá burú, ti ìyá ni. Ìjọ aláṣọ funfun wọn ní Barúwà sì ti ní kí ọmọ náà pa ilé-ìwé tì, kó wá máa gbé ọgbà àdúrà.

Títí ò gbà. Ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìgàndó, níbi tí nọ́ọ̀sì Cecilia ti ń gba itọ́ àwọn aláìsàn fún àyẹ̀wò. Àwọn dókítà láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló pawọ́ pọ̀, tí wọ́n ń wádìí ohun tó ń fa àìsàn yìí, bóyá ọmọ a máa jogún rẹ̀, nítorí itọ́ a máa fi ohun tí ọmọ jogún hàn. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ itọ́ bàbá ọmọ náà pẹ̀lú. Títí bẹ ọkọ rẹ̀, Wòlíì Zacchaeus, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó kó tó gbà.

Wòlíì wọ sùtáná dé, láìwọ bàtà. Lẹ́nu ọ̀nà, ó mu ìgò omi àdúrà kan tán, kí ibi má baà bá a níbẹ̀.

"Ẹ ti ba iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn, sà," ni Cecilia wí. "Ẹni tó máa tutọ́ ò gbọ́dọ̀ tíì mu nǹkan kan. Ẹ jókòó fún ààbọ̀ wákàtí, jàre."

Wọ́n jókòó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí èjìká Wòlíì bá ti fò, gbogbo ìjọ á kúnlẹ̀ pé Ẹ̀mí ti dé. Níbí, kò sí agogo, kò sí orin, kò sí tùràrí. Èjìká rẹ̀ fò. Ó dì í mú, ó tún fò.

Pẹ̀lúmi ń wò ó. "Dádì, ẹ̀yin náà?"

Wòlíì sọ èjìká náà sílẹ̀. "Mo ti ń ṣe é kí n tó mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi náà ṣe é."

Inú bí Títí, ṣùgbọ́n kò rí agbára fi jà. Gbogbo ààwẹ̀ yẹn, gbogbo èébú yẹn. Ó na ike itọ́ sí i.

"Ẹ máa lọ sọ fún wọn ní ìjọ pé ọ̀dọ̀ yín ló ti wá. Ọmọ mi ń lọ sílé-ìwé lọ́la."

"Tí mo bá sọ ọ́, kí ni wọ́n á wá máa pè mí?"

"Bàbá Pẹ̀lúmi," ni Títí wí, ó gbé orí ti ògiri, ó sì dijú.